Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: "Bí Ọlọ́run Ṣe Dá Mi Nìyí"

Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí ẹ kọ ránṣẹ́ lóṣù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníkálukú ló gbé tiẹ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀: irú èèyàn wo ni mo jẹ́, ṣé bí n ó sì ṣe máa wà nìyí? Iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ni mo ṣe nílé ẹ̀kọ́ girama níbí ní Iléṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tó máa ń dùn mí bíi kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ lórúkọ, kó wá jókòó ti orúkọ náà bí ẹni tí wọ́n dájọ́ fún. Mo ti yọ orúkọ gbogbo ẹni tó kọ̀wé kúrò.

WỌ́N NÍ ÌWÀ WA Ò BÁRA MU

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Tíṣà ni mí ní Iléṣà, ọmọ ọdún 26 ni mí. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ń ṣe kíláàsì ìgbéyàwó lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n pín ìwé ìbéèrè fún wa, a dáhùn ún, èsì sì jáde pé melancholy ni mí, ìyẹn ẹni tó máa ń ronú jù, pé choleric ni òun, ìyẹn ẹni tó máa ń tètè bínú. Ìyá tó ń kọ́ wa ní irú àwọn méjèèjì yìí kì í pẹ́ túká, ká lọ gbààwẹ̀ sí i ká tó mú ọjọ́. Ẹ̀rín ni ọ̀gbẹ́ni náà rín. Èmi ni mi ò rí oorun sùn. Ní báyìí, bó bá ti gbóhùn sókè pẹ́nrẹ́n, àyà mi á já pé ohun tí wọ́n wí nìyẹn." — Adúrórò, Òkèṣà

Ọmọ mi, má tìtorí ìwé ìbéèrè da ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rú.

Kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì ti gbà pé omi mẹ́rin ló wà lára ẹ̀dá: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro pípọ́n àti òróòro dúdú. Bí wọ́n bá ṣe déédéé, ara le. Bí ọ̀kan bá pọ̀ ju àwọn yòókù lọ, àìsàn dé. Hippocrates ni wọ́n sábà máa ń ka ẹ̀kọ́ náà sí lọ́rùn. Galen, oníṣègùn tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù ní ọ̀rúndún kejì, tún so ó mọ́ ìwà: ó ní bí àwọn omi wọ̀nyí bá ṣe pọ̀ sí lára èèyàn ni ìwà rẹ̀ yóò ṣe rí. Ibẹ̀ ni melancholy tìrẹ (ti òróòro dúdú) àti choleric tirẹ̀ (ti òróòro pípọ́n) ti wá. Ìṣègùn ti kó ẹ̀kọ́ omi mẹ́rin yẹn dànù tipẹ́tipẹ́. Bí o bá gba Wesley Guild lọ lónìí pé kí wọ́n bá ọ wo iye òróòro dúdú tó wà lára rẹ, wọn ò ní rí nǹkan kan wò, nítorí kò sí i. Àmọ́ wọ́n ṣì ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní kíláàsì ìgbéyàwó bí ẹni pé inú Ìwé Mímọ́ ni wọ́n ti rí i, ó sì ń bí mi nínú.

O lè ní, "Ṣùgbọ́n Màmá, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá mi mu." Dandan ni kó bá ọ mu. Ní ọdún 1948, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Bertram Forer fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìdánwò ìwà. Nígbà tó yá, ó fún oníkálukú ní ìwé èsì, ó ní kí wọ́n fi máàkì, láti òdo dé márùn-ún, sọ bí èsì náà ṣe bá wọn mu tó. Àròpín máàkì tí wọ́n fún un lé ní mẹ́rin. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn gbà, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀ nínú rẹ̀! Inú ìwé àwọn awòràwọ̀ ni Forer ti ṣa ọ̀rọ̀ náà jọ: pé o fẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ, pé ìgbà mìíràn wà tí o máa ń ṣiyèméjì bóyá ohun tó tọ́ lo ṣe. Ta ni kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Iléṣà?

Àwọn tó ń fi ìwádìí wo ìwà ẹ̀dá gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1936, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gordon Allport àti Henry Odbert, tú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ tí a lè fi júwe èèyàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000. Àwọn tó tẹ̀lé wọn fi ọ̀pọ̀ ọdún wo èyí tó máa ń bá èkejì rìn nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, títí ó fi kù sí ohun ńlá márùn-ún: bí ohun tuntun ṣe ń wu èèyàn tó, bó ṣe ń ṣètò nǹkan, tó sì ń parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe fẹ́ràn àwùjọ tó, bó ṣe ń gba tẹni ẹlẹ́ni rò tó, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń tètè dààmú tó. Márààrún ló wà lára ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ. Bí ata inú ọbẹ̀ ni, ìwọ̀n rẹ̀ ló yàtọ̀ láti ìkòkò dé ìkòkò, àárín sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa wà. Kò sí ẹ̀yà mẹ́rin tí wọ́n pín ọmọ aráyé sí.

Wàyí o, ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mi ò fẹ́ ká fò. O ní àyà rẹ ń já bó bá gbóhùn sókè. Ṣé láti ìgbà tí èsì ti jáde ni, àbí ó ti ń já ọ láyà tẹ́lẹ̀? Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ni kó o jókòó tì. John Gottman àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jókòó wo tọkọtaya bí wọ́n ṣe ń ṣe gbólóhùn asọ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láti mọ ilé tó dúró àti èyí tó tú. Àmì tí wọ́n kà sí pé ó burú jù ni ìfojú-ẹni-gbolẹ̀: ṣùtì yíyọ, ìsínijẹ, "ta ló tiẹ̀ bí ẹ?" Nítorí náà, bi ara rẹ ní ohun tí ìwé wọn ò bi ọ́. Bó bá ń bínú, ṣé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ló ń bá wí ni, àbí ìwọ àti àwọn òbí rẹ? Bí ẹ bá jà lánàá, ta ló kọ́kọ́ wá sọ̀rọ̀ lónìí? Ṣé ó lè sọ pé "má bínú" láìfi "ṣùgbọ́n" tì í? Ṣé ó ti nawọ́ sí ọ rí, tàbí kó fọ́ nǹkan níwájú rẹ? Bí èyí tó kẹ́yìn yìí bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kúrò níbẹ̀, ọmọ mi, ì báà jẹ́ pé gbogbo ìdánwò ayé ló ní ẹ bára mu.

Ẹ̀jẹ̀ kan sì wà tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó mú ọjọ́, ìyẹn jínótáìpù yín. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, ó sì ju choleric lọ. Bí wọn ò bá bi yín ní kíláàsì náà, ẹ fúnra yín lọ ṣe é.

MI Ò LÈ SỌ PÉ RÁRÁ

"Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ọjà Àtàkúnmọ́sà ni mo ti ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí. Àánú ń ṣe mí jù. Ẹni tó jẹ mí lówó á tún dé, á ní kí n wọn kóńgò méjì sí i, n ó sì wọ̀n ọ́n. Owó tó wà níta ti fẹ́ ju ọjà tó wà nílẹ̀ lọ. Ọkọ mi ní ọ̀dẹ̀ ni mí, pé mi ò ṣe bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ṣé kí n fi ọjà sílẹ̀ ni?" — Ìyá Onírẹsì

Ẹ má fi ọjà sílẹ̀ o. Ẹ sì bá mi sọ fún Bàbá ilé pé ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀dẹ̀ láàárọ̀ kì í ní agbára tí yóò fi bá onígbèsè sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án.

Nínú ohun márùn-ún tí mo kà sílẹ̀ fún tíṣà lókè yìí, ìkẹrin ló pọ̀ lára yín: ẹ máa ń gba tẹni ẹlẹ́ni rò. Ìwà rere ni, ó sì ní èrè tirẹ̀ lọ́jà. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé oníbàárà yín pọ̀ ju ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú ẹni tó dúró níwájú yín máa ń wúwo ju àpò tí ẹ dì mọ́ ìdí lọ.

Ọkọ yín ní ẹ ò ṣe bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàáló ni wọ́n ní lọ́kàn, àwọn bàbá wa tó ń kiri aṣọ káàkiri Èkìtì àti Àkókó, tí wọ́n á dé ilé onígbèsè, tí wọ́n á lóṣòó, tí wọn ò sì ní jókòó àfi bí wọ́n bá gba owó wọn. Gbogbo ayé rò pé ojú líle ni wọ́n bí mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo òwò yẹn dáadáa: àwìn ni wọ́n ń tà! Ẹni tí ojú rẹ̀ le lásán kò ní gbé aṣọ olówó iyebíye lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́ lábúlé ẹlẹ́yìn òkè. Wọ́n ṣàánú, wọ́n fọkàn tánni, wọ́n sì dá ọjọ́ owó kí aṣọ tó kúrò lórí wọn. Ọjọ́ tó pé ni wọ́n lóṣòó. Ìlànà òwò ni ohun tí ayé ń pè ní ìwà Ìjẹ̀ṣà níbẹ̀, a sì lè kọ́ ìlànà ní ọjọ́ orí èyíkéyìí.

Bí ẹ ó ṣe kọ́ ọ nìyí. Onímọ̀ ìwà ẹ̀dá kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Peter Gollwitzer, ti fi ọ̀pọ̀ ìwádìí hàn pé ẹni tó bá ti pinnu sílẹ̀ pé "bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni n ó ṣe" máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ń sọ pé "mo fẹ́ yí padà" lọ. Ìdí ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé, kò tún sí pé à ń rò ó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un bó ṣe ń rí gan-an. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni. Obìnrin náà dé, ó pọn ọmọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ìyá mi, ẹ ti jí?" Ó fọwọ́ kan ìrẹsì, ó ní ó mọ́. Kò tíì sọ pé òun ò lówó, ọwọ́ yín sì ti wà lórí kóńgò. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń ka owó lálẹ́. Nítorí náà, kí ìpinnu yín jẹ́ báyìí: "Bí ẹni tó jẹ mí bá bèèrè ọjà, ìwé ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ mú." Ẹ fi ìwé gbèsè sórí kóńgò fúnra rẹ̀, kó má ṣe é gbé láìgbé ìwé kúrò. Ẹ ṣí i, ẹ fi orúkọ rẹ̀ hàn án, kí ẹ sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ẹ san ti ọjọ́rú ná, n ó wọn tòní." Ẹ má ṣe àlàyé pé nǹkan le, ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀. Àlàyé ló ń jẹ́ kí wọ́n rí ibi dì mú.

Ara yóò kọ́kọ́ ni yín. Ẹ ó máa rò pé ó ti bínú, pé yóò ba yín jẹ́ káàkiri ọjà. Ẹ jẹ́ kó ni yín. Tó bá yá, á lọ, lọ́jọ́ kejì ẹ ó sì rí i pé ó tún kí yín. Bó bá jẹ́ ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ lóòótọ́, tí ẹ sì fẹ́ fún un, ẹ bu ìrẹsì díẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ pé kó máa lọ. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbèsè. Àánú yàtọ̀ sí òwò, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wà nínú ìwé kan náà.

ỌMỌ TÍ KÌ Í SỌ̀RỌ̀

"Ọmọ ọdún 13 ni ọmọkùnrin mi, ó wà ní JSS 2. Kì í dá sí ọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Bí àlejò bá dé, yàrá ló ń wọ̀ lọ. Ìyá mi ní ẹ̀mí kan ló dì í lẹ́nu, ká gbé e lọ fún ìtúsílẹ̀." — Bàbá Ọmọ, Mọ́dákẹ́kẹ́

Ẹ bá mi wò ó ná. Ṣé ó ní ọ̀rẹ́, ì báà ṣe ẹyọ kan? Ṣé ó máa ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ ṣeré, tó ń rẹ́rìn-ín nílé? Ṣé bó ṣe wà láti kékeré nìyí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tó dì í lẹ́nu. Láti ìgbà tí Carl Jung, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti kọ̀wé lé e lórí ní ọdún 1921 ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé àwọn kan kọjú síta, àwọn kan kọjú sínú. Ariwo máa ń rẹ irú àwọn ọmọ tó kọjú sínú bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ló ń tù wọ́n lára. Ẹ má pè é ní òmùgọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ebi tàbí pàṣán lé ẹ̀mí lára rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà á, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ bẹ tíṣà rẹ̀ kó sọ ìbéèrè tí yóò bi í lọ́la fún un láti òní. Ẹ rán an lọ ra búrẹ́dì, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ iye tó fẹ́, kó gba ṣéńjì. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rù fi ń kúrò lára ọmọ. Ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa kì í fẹ́ dáhùn.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọmọ tó ń ṣeré tẹ́lẹ̀ ló ṣàdédé dákẹ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwà tàn ara yín jẹ. Ẹ jókòó tì í pẹ̀lẹ́, ẹ wádìí ẹni tó ń lù ú, ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí ẹni tó ń fọwọ́ kan ara rẹ̀.

AAGO MÉJÌ ÒRU

"Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ọmọ ọdún 47. Láago méjì òru ni ojú mi máa ń là. Owó ilé ìwé, owó ilé, ọmọ tó ń wọkọ̀ Èkó, gbogbo ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń rò. Bí ìyá mi náà ṣe rí nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara mi ò ní í le, obì ni mo fi ń gbé ara dúró dìrọ̀lẹ́. Ṣé ìwà ni, àbí àìsàn?" — Aláìsùn, Lágéré, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí obì. Èròjà tó ń lé oorun tó wà nínú kọfí wà nínú obì, ó sì máa ń pẹ́ lára. Èyí tí ẹ jẹ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lára yín nígbà tí ẹ bá dorí kọ ìrọ̀rí. Oorun tí ẹ ò sùn ló ń mú yín jẹ obì, obì náà ni kò sì jẹ́ kí ẹ sùn. Ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, bí aago méjìlá ọ̀sán bá sì ti lù, ẹ má kàn án mọ́.

Ní ti ìbéèrè yín, ó lè jẹ́ ìwà, ó lè di àìsàn. Ọkàn tó ń tètè dààmú wà lára àwọn ohun márùn-ún tí mo sọ, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Ẹni tó ní in kì í ṣe ọ̀lẹ, aláìgbàgbọ́ sì kọ́. Irú wọn ló máa ń rántí ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àwọn ló máa ń san owó ilé ìwé kí wọ́n tó lé ọmọ wálé. Ó di àìsàn nígbà tó bá ń bá yín jẹun, tó ń bá yín ṣiṣẹ́, tí ẹ ò lè pa á tì ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nǹkan ò bá wù yín mọ́ rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tàbí tí èrò pé kí ẹ kú bá ń wá sọ́kàn yín, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ sọ fún ẹni tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti OAU níbẹ̀ ní Ifẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu àwọn èèyàn dá yín dúró. Láti ọdún 1954 ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní Aró, l'Ábẹ́òkúta. Nígbà náà, àwọn abúlé tó wà láyìíká ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú àwọn ẹbí tó bá wọn wá, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ, wọ́n á padà wá sábúlé. Ìlera ọpọlọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Bó ti wù kó rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Àìsàn ara kan wà tó máa ń dà bí àníyàn.

Ní ti àwọn èrò náà, ẹ fún wọn ní àkókò tiwọn. Thomas Borkovec ní Amẹ́ríkà dán èyí wò ní àwọn ọdún 1980, ó sì ṣiṣẹ́ fún àwọn èèyàn: bí ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́, ẹ jókòó síbì kan náà lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má jẹ́ orí ibùsùn, ẹ kọ gbogbo ohun tó ń dà yín láàmú sílẹ̀. Ẹ pín wọn sí méjì. Èyí tí ẹ lè ṣe nǹkan sí, ẹ kọ ohun tí ẹ ó ṣe sí i àti ọjọ́ tí ẹ ó ṣe é sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ ò lè ṣe nǹkan sí, ẹ kọ ọ́, ẹ fà á nílà. Bí wọ́n bá wá láago méjì òru, ẹ sọ fún wọn pé ó di ìrọ̀lẹ́. Bí oorun ò bá wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ dìde kúrò lórí ibùsùn, ẹ lọ jókòó síbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù, títí oorun yóò fi kùn yín. Ẹ má fọwọ́ kan fóònù.

KẸ́HÌNDÉ ONÍNÚ FÙFÙ

"Mẹkáníìkì ni mí ní Iléṣà, ọmọ ọdún 54. Kẹ́hìndé ni mí. Sùúrù ni Táyé mi, èmi ni mo máa ń tètè bínú. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé tí mo bá nǹkan tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, ariwo mi á gba àdúgbò. Mi ò nawọ́ sí ìyàwó mi rí, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá mo la rédíò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí n yí padà, mo ní bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyí. Màmá, ṣé àkúnlẹ̀yàn mi kọ́?" — Kẹ́hìndé

Kẹ́hìndé, ọ̀rọ̀ ìbejì tí ẹ gbé wá yìí dára, nítorí ara àwọn ìbejì ni wọ́n ti wádìí bóyá wọ́n ń bí ìwà mọ́ni. Ìbejì pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo tó pín, àwọn ni wọ́n máa ń jọra bí ìmumu. Àwọn kan wá láti inú ẹyin méjì, wọn ò sì jọra ju bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣe ń jọra lọ. Ilẹ̀ Yorùbá lókìkí ìbejì káàkiri ayé, Igbó-Ọrà ni wọ́n sì máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹlẹ́yin méjì ló pọ̀ jù nínú tiwa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin àti Táyé yín jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì yani lẹ́nu kí inú yín má dọ́gba. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi irú ìbejì méjèèjì wéra, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ìdá 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwà èèyàn ló ti inú àjogúnbá wá. Èyí tó kù wá láti inú bí a ṣe gbé ayé. Wọ́n sì tún rí i, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé àwọn èèyàn láti ọ̀dọ́ títí wọ́n fi dàgbà, pé ọ̀pọ̀ wọn ń fara balẹ̀ sí i, wọ́n ń gba tẹni rò sí i, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Ẹ dárúkọ àkúnlẹ̀yàn. Ẹ jẹ́ ká rántí ìtàn náà tán. Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà jọ ń lọ sílé Àjàlá tó ń mọ orí láti lọ yan orí. Àwọn méjì yòókù kánjú lọ. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó gbọ́ ìmọ̀ràn, ó rúbọ, òun ló sì rí orí tó le yàn. Nínú ìtàn tí ẹ fi gbè ara yín lẹ́sẹ̀ gan-an, ẹni tó dúró díẹ̀ ló jèrè. Àwọn àgbà wa sì ní orí nìkan ò tó, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan lè ti sọ fún yín pé kí ẹ jẹ́ kí ìbínú jáde kó má bàa pa yín sínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2002, Brad Bushman ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí àwọn tí inú ń bí máa lu àpò ẹ̀ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ro ẹni tó bí wọn nínú. Inú bí wọn ju àwọn tó kàn jókòó jẹ́ẹ́ lọ.

Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni wákàtí kan. Ẹ ò sọ pé ẹ ń pariwo láàárọ̀, ẹ ò sọ pé ẹ ń pariwo mọ́ oníbàárà. Ìgbà tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù dé ni, pẹ̀lú ebi, pẹ̀lú oòrùn, pẹ̀lú ẹni tó gbé mọ́tò lọ tí kò san owó. Wákàtí yẹn ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ bẹ ìyàwó yín kí ọ̀rọ̀ owó àti ẹjọ́ àwọn ọmọ máa dúró di ẹ̀yìn oúnjẹ. Kí ẹ tó wọlé, ẹ dúró níta, ẹ mí kanlẹ̀ títí àyà yín yóò fi rọlẹ̀. Ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹ ó sì mọ ibi tí ìbínú ti máa ń kọ́kọ́ mú yín, bóyá eyín ló ń pà pọ̀ ni, tàbí ọrùn ló ń gbóná. Bó bá ti dé ibẹ̀, ẹ ní "mò ń bọ̀," kí ẹ jáde rìn, kí ẹ sì padà wá bí ẹ ṣe wí, nítorí ẹni tó jáde tí kò padà wá parí ọ̀rọ̀ ti dá ìjà mìíràn sílẹ̀ ni.

Rédíò tí ẹ fọ́ ńkọ́? Ẹ ra òmíràn fún un kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ má sì dúró kó bi yín.